Ilé Páálí Mumal

Bàbá Mumal,

A wà dáadáa ní Karachi. Ọmọ wa ti parí àwọn ilé páálí kéékèèké tó ń kọ́ fún oyè kejì rẹ̀, pẹ̀lú ihò afẹ́fẹ́ lórí òrùlé bíi ti ilé bàbá yín. Àwọn olùkọ́ ní kò sẹ́ni tó máa kọ́ irú ẹ̀ mọ́, kó lọ mú nǹkan mìíràn wá.

Nígbà tó délé, ó sun tùràrí sínú àwọn ilé náà, bó ṣe máa ń fi èéfín wo ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti ilé òkú, mo wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ta ló kú?”

Ó ní, “Èmi ni, Màmá.”

A jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ má pè é, ó ń sinmi. Mo ti kó ọ̀bẹ páálí rẹ̀ sínú àpótí mi, kó má baà ṣèèṣì gé e lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí ìyá yín, kí ẹ sọ fún wọn pé ọmọ-ọmọ wọn ń jẹun.

Èmi, Ìyá Mumal.