O Sọ fún Àjèjì Pé Odò Máa Kún, O Ò Sọ fún Ìyá Rẹ

Ọmọ mi,

Ṣé o jí ire, ṣé ara ń bá ọ mu nínú ìlú ńlá yẹn? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Àwa náà wà láàyè, àmọ́ inú ń bí mi, ìwọ gan-an lo sì fà á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, odò kún wọ inú ilé. Yàrá tí mo ti ń ránṣọ ló kọ́kọ́ wọ̀. Èmi ń kó aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ sókè, bàbá rẹ ń gbé pákó iṣẹ́ rẹ̀, ká tó mọ̀, mọ́tò tó ń yí máṣíìnì ìránṣọ mi lábẹ́ tábìlì ti mu omi yó.

Bí mo ṣe ń gbọ́n omi jáde lọ́jọ́ kejì, tíṣà tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wa gbé fóònù wá, ó ní kí n wá wo orúkọ ọmọ mi. Ó ní ìdíje kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, pé òun lo fi ń najú lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n bi yín bóyá odò wa máa kún lóṣù yìí, o kọ ọ́ pé ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣeé ṣe kó kún. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú! Wọ́n tiẹ̀ ti fún ọ ní máàkì nítorí omi tó wọlé wa.

O pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú kí omi tó wọlé, o bèèrè ẹ̀yìn tó ń dùn mí, o bèèrè ewúrẹ́, o ò dárúkọ omi. Nígbà tí mo wá pè ọ́, o ní o ò fẹ́ kí n máa bẹ̀rù lásán, pé ọgbọ̀n tó kù lè jẹ́ pé ilẹ̀ á gbẹ. Mo wá ọgbọ̀n tó gbẹ yẹn káàkiri ilé, mi ò rí i. Bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ tutù, tèmi náà tutù.

Bàbá rẹ ò tiẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Ó gbọ́ pé ipò kẹta lo wà nínú ìdíje náà, ló bá ń ròyìn ọgbọ́n rẹ fún gbogbo àdúgbò, tẹsẹ̀tẹsẹ̀ nínú omi. Ìyá oníbúrẹ́dì, tí fúláwà rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ funfun, wò mí lójú, ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ lọmọ mi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó mọ́tò máṣíìnì ránṣẹ́, fi ti fúláwà mọ́ ọn. Àmọ́ ìwọ fúnra rẹ ni kó o pe ìyá oníbúrẹ́dì, mi ò ní bá ọ sọ ọ́.

Ọlọ́run tó fún ọ lọ́gbọ́n á fún ọ lẹ́nu tí wàá fi sọ ọ́ nílé.

Èmi ìyá rẹ.