Ìka Mẹ́ta Ni Ẹnu Ènìyàn

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí ọkọ yín, mo sì kí ẹni kékeré tó ń ta yín nípàá nínú. Mo lérò pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti ń fara rọ, àti pé iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tiwa, gbogbo wa wà láàyè. Màmá ní kí n kọ ọ́ síbí pé àwọn kí yín. Mo ti kọ ọ́.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà yìí. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi, ẹ̀yin gan-an lẹ sọ mí ní Tìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo ṣe nǹkan kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ń yí kiri nínú mi bí òkúta nínú bàtà. Ẹ bá mi kà á dópin kẹ́ ẹ tó bínú.

Látìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, Bàbá ló ń mú mi dání lọ síbi iṣẹ́ wọn, ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà eyín. Ẹ ò tíì wọ yàrá ìdánrawò yẹn rí. Ogún orí ló wà níbẹ̀, orí lásán, kò sí ọrùn, kò sí àyà. Orí ọ̀pá irin ni wọ́n dúró sí, ẹ̀gbẹ́ méjì, mẹ́wàá mẹ́wàá. Rọ́bà ni ojú wọn, ike ni eyín wọn. Eyín ike yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́ ọn, kí wọ́n tó gbà á láàyè kó fọwọ́ kan ẹnu ènìyàn. Bàbá ló ń tún àwọn orí náà ṣe: wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ya, wọ́n á so àgbọ̀n tó tú. Bàbá Olórí làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n. Tí ẹnì kan bá gbé orí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á ní, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti ń pa àwàdà kan ṣoṣo yìí. Tèmi ni pé kí n fi ọṣẹ fọ ojú àwọn orí náà, kí n sì ṣa eyín sínú àwo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi tí mi ò kàwé, eyín ni mò ń kà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ gbogbo orí náà sí tuntun. Ilé iṣẹ́ méjì gbé orí kọ̀ọ̀kan wá fún wa ká fi dán an wò. Èyí àkọ́kọ́ jọ tàtijọ́, ẹnu rẹ̀ ń ṣí gbàgàdà bí àpò, Bàbá lè dijú tún un ṣe. Èkejì ní ahọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nípọn, omi ń sun lẹ́nu rẹ̀, ó sì ní gíláàsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi ti tẹlifíṣọ̀n, tó máa ń fi bí o ṣe gbẹ́ eyín hàn ọ́. Tó o bá fẹ́ ya ẹnu rẹ̀ kọjá ibì kan, ó máa kọ̀. Àbùkù rẹ̀ wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé àdéhùn: òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ló gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Ìyẹn ni pé tí wọ́n bá mú un, iṣẹ́ Bàbá parí. Bàbá ka ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ká a pọ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá wò ó, Dókítà Àgbà, ìyẹn obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn olùkọ́ níbẹ̀, fi Bàbá sára àwọn márùn-ún tó máa yan orí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ àwọn orí náà bíi Bàbá. Nígbà tí Màmá gbọ́, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní, “Bàbá ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹlòmíì fi na ara ẹ̀. Orí tí ẹ lè tún ṣe ni kí ẹ mú.” Bàbá ń jẹun lọ ní tiwọn.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi dán orí méjèèjì wò. Ti àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n ní alágídí ni èkejì, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń bá àwọn jà, máàkì wọn sì já wálẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń rí Dókítà Àgbà, ẹ̀yìn èkejì yẹn ni wọ́n máa ń padà sí ṣáá, wọ́n á dúró, wọ́n á ká apá mọ́yà.

Ibi tí mo fẹ́ dé nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yàn án, Bàbá ní kí n ṣáájú lọ ṣí fèrèsé. Mo ṣí fèrèsé. Mo mú sípánà kékeré lórí ìṣó tí Bàbá ń fi í kọ́ sí lára ògiri, mo lọ síbi orí kejì, mo sì tú nọ́ọ̀tì tó di àgbọ̀n rẹ̀ mú lápá òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo yí i. Mo dá sípánà padà, mo wá fọ ojú orí náà, bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ má bi mí bóyá àyà mi já. Kò já. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù báyìí.

Nígbà tí gbogbo wọn pé, ẹni tó ń ta orí kejì dìde. Oníbàtà-Dídán ni mò ń pè é, nítorí o lè fi bàtà rẹ̀ ya irun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Bó ṣe fọwọ́ kan ẹnu orí báyìí, àgbọ̀n já wálẹ̀, ó ń fì. Gíláàsì pọ́n wẹ̀ẹ̀. Olùkọ́ kan ní ó jọ àwọn tó ń sùn nínú kíláàsì òun, ni gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín. Oníbàtà-Dídán ń fi tówẹ̀lì orí nu òógùn ara rẹ̀. Dókítà Àgbà pa ìwé wọn dé, wọ́n ní ó dà bíi pé àkọ́kọ́ náà la máa mú. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo eyín, mò ń kà wọ́n.

Bàbá dìde. Wọ́n fi àtàńpàkò tọ ẹ̀yìn àgbọ̀n náà, wọ́n wo nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ògiri tí irinṣẹ́ wọn wà. Láti ọdún gbọ́nhan, ẹnu sípánà máa ń kọjú sí fèrèsé ni. Èmi ti kọ́ ọ sódì. Wọn ò wo ojú mi rárá, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀.

Wọ́n ní, “Tìlẹ̀kùn, wá jókòó.” Mo jókòó lórí àga. Wọ́n ní kí n ya ẹnu, kí n to ìka mi mẹ́ta ní òòró, kí n kì wọ́n bọ̀ ọ́. Wọ́n wá sọ fún àwọn yòókù pé ìka mẹ́ta ẹni ni ẹnu ẹni, bóyá èèyàn ga ni o, bóyá ó kúrú ni o. Méjì wọlé. Ẹ̀kẹta ò wọlé. Àgbọ̀n mi dún kọ́, gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ. Bàbá lọ síbi orí àkọ́kọ́, wọ́n to ìka wọn mẹ́rin, wọ́n fi àtàńpàkò kún un, gbogbo rẹ̀ wọlé, àyè ṣì kù.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nìyí, mi ò fi kún un: “Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sunkún sí mi lọ́rùn pé ẹnu àwọn orí wa ti le jù. Àánú wọn ṣe mí. Ogún orí, mo tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo tú yẹn lọwọ́ wọn fi mọ bí ẹnu ṣe ń ṣí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, èmi náà ni mo mú ọmọ mi wá pé kí wọ́n bá mi yọ eyín rẹ̀.”

Ẹ rántí ọjọ́ yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ọ̀gbẹ́ni tó yọ eyín mi, ọ̀kan nínú àwọn tó fi orí Bàbá kọ́ṣẹ́, kì í ṣe ìkà, ó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín; ó kàn ya ẹnu mi bó ṣe máa ń ya ti orí ni, ni ẹ̀gbẹ́ etí mi bá dún kọ́. Látìgbà náà ló ti ń dún tí mo bá ń jẹun, tí mo bá ń kàwé sókè. Ẹ̀ ń rò pé orí ìwé ni mi ò ní tí mo fi kúrò nílé ìwé. Rárá o. Tí mo bá dìde láti kàwé, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fi ahọ́n dún kọ́, kọ́, kọ́. Mo wá dákẹ́. Ọdún márùn-ún ni mo fi rò pé àgbọ̀n mi ni ò dáa látilẹ̀.

Bàbá mú sípánà, wọ́n yí nọ́ọ̀tì náà padà lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ṣe tú u gẹ́lẹ́. Àgbọ̀n padà sáyè rẹ̀. Wọ́n ní nọ́ọ̀tì ló tú, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó tà á. Wọ́n ní, “Èyí tó ń kọ̀ yìí ni kí ẹ mú,” wọ́n sì jókòó. Dókítà Àgbà bi wọ́n pé ṣé wọ́n ka ojú ewé tó kẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Èkejì ni wọ́n mú. Ó ku oṣù méjì kí iṣẹ́ Bàbá parí. Dókítà Àgbà ní àwọn máa wá nǹkan mìíràn fún wọn níbẹ̀. Bóyá wọ́n á wá a, bóyá wọn ò ní wá a. Màmá ò tíì bá Bàbá sọ̀rọ̀ gidi látìgbà náà, àfi “oúnjẹ rèé” àti “ẹ ti ilẹ̀kùn.” Wọn ò mọ̀ nípa sípánà. Ẹ má sọ fún wọn. Èmi ni mo máa sọ ọ́ tí mo bá rí ẹnu.

Lọ́jọ́ yẹn, a rìn bọ̀ nílé, Bàbá dúró ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wá ní, “Èmi tú u lẹ́ẹ̀kan, ìwọ náà tú u lẹ́ẹ̀kan. Ó tó.” Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n wá bi mí bóyá àgbọ̀n yẹn máa ń dùn mí. Láti ọdún márùn-ún, wọn ò bi mí rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo fi yín sílẹ̀ níbí. Kí ẹ̀yìn yín tù yín, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, kí ẹsẹ̀ tó ń ta yín nípàá fi ìlera rìn nílẹ̀. Kí ẹnu ọmọ náà ṣí dáadáa, kó sì rí nǹkan gidi fi sí i.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín, bí mi ò tiẹ̀ ń sọ ọ́,

Tìlẹ̀kùn.

Mo gbàgbé: Dókítà Àgbà ti ń tọ́jú àgbọ̀n mi. Igi pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ ahọ́n mọ́lẹ̀ wo ọ̀fun, ni wọ́n ní kí n máa tò sáàárín eyín láràárọ̀, kí n máa fi ọ̀kan kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá ló ń bá mi kà á. Mẹ́wàá la fi bẹ̀rẹ̀, mẹ́tàlá ló wọlé lánàá. Ó ṣì ń dún.