Ìsọ̀ Tó Ń Mú Oníbàárà Sọdá Títì

                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Òkè Ìsọ̀ Àkọ́kọ́,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Bóòtù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ara àwa náà le, àfi Bàbá mi, ọ̀rọ̀ wọn ni mo sì fẹ́ sọ. Má tíì sunkún o, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

A ti ti ìsọ̀ tó kẹ́yìn. O mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: yàrá kan ṣoṣo tí Bàbá ti ń ta bíréèkì àti bẹ́líìtì ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ti ibùdókọ̀ tí èmi pẹ̀lú rẹ jọ ń tà, níbi tí wọ́n ti sọ wá ní Bóòtù àti Nọ́ọ̀tì torí a kì í fira wa sílẹ̀. Kò pẹ́, kò sí àdúgbò tí pátákó aláwọ̀ ewé wa ò sí. Ayé wa dùn nígbà yẹn, àbí irọ́ ni mo pa? Àfi ìgbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ra páàtì ọkọ̀ látorí ibùsùn. Bí a ṣe ń ti tọ̀tún là ń ti tòsì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òfin Bàbá ló pa wá. O rántí? Bí a ò bá ní ohun tí oníbàárà ń wá, a ò gbọdọ̀ ní "kò sí" ká sì dákẹ́. Àfi ká fẹsẹ̀ ara wa mú un dé ibi tó wà. Mélòó la mú sọdá títì lọ bá Ojúlíle, tó ń bá wa du ọjà! Ọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín sí wa rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé yóò dúpẹ́. Ìwọ lo máa ń sọ pé ojú ẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ìsọ̀ tiẹ̀ ṣì wà o. Wọ́n ní oore kì í gbé, àmọ́ mo ti gbà pé tiwa gbé.

Láti ọjọ́ tí a ti tìlẹ̀kùn, Bàbá ò jáde mọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á kọjú sí ògiri. Oúnjẹ á wọlé, oúnjẹ á jáde. Màmá ń dọ́gbọ́n sunkún nínú ilé ìdáná. Ẹ̀rù bà mí, Bóòtù. Mo rò pé a máa pàdánù wọn ni.

Àfi lánàá tí a gbọ́ "Ẹ ǹlẹ́ o" lẹ́nu ọ̀nà. Ta la rí? Ojúlíle! Ó mú awakọ̀ kan dání, páǹpù omi ọkọ̀ àtijọ́ sì wà lọ́wọ́ awakọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní irú ẹ̀. Mo ní kí n mú un wá bá yín."

Háà! Bàbá gba páǹpù náà, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọ́n tú gbogbo páálí ọjà tó ṣẹ́ kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, eruku bò wá. Kò sí níbẹ̀. Mo ní ó tán, wọ́n á tún padà sídìí ògiri.

Bàbá bá ní, "Nọ́ọ̀tì, bàtà mi dà?"

Wọ́n ní àwọn mọ ẹnì kan nísàlẹ̀ títì tó lè ní in. Wọ́n di awakọ̀ náà lọ́wọ́ mú, ó di ìta, Ojúlíle ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Èmi àti Màmá dúró lójú fèrèsé títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀.

Nígbà tí Bàbá dé, oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní, "Bóòtù ńkọ́? Ó mà ti pẹ́ tí mo ti gbúròó ẹ̀."

Jọ̀ọ́, wá kí wọn. Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

Èmi ni, tìrẹ títí ayé,
Nọ́ọ̀tì.