Ibòòji Tí Mo Fi Pijó Gbà

Ilé Kejìlá,
Wulari,
Màídúgùrí.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹrin, 2008.

Jàáfárù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Kì í ṣe ìjì ló gbé pátákó rẹ lọ lọ́dún yẹn. Èmi ni mo fà á tu.

Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé apá tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Mùfúlíátù ńkọ́, àti àwọn ọmọ ọmọ yín? Báwo lẹ ṣe ń fara da ooru ní Fori? Àgbékẹ́ aya mi ń kí ọ. Ó ní kulikuli tí o fi ránṣẹ́ kò pẹ́ tán.

Nígbà tí o wọ yunifásítì, tí èmi ti ń ṣe olùkọ́ níbẹ̀, o bẹ àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi fún ọ ní àyè kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé, lábẹ́ igi dóńgóyárò, fún kẹ̀kẹ́ tí o ń fi ọwọ́ wà. Ìwọ fúnra rẹ lo kun pátákó náà. O kọ ọ́ ní Hausa, 'Na guragu ne', o wá kọ 'Àyè arọ' sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí o wá ọ̀rọ̀ tó wuyì ju bẹ́ẹ̀ lọ. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Ládiípọ̀, ẹsẹ̀ ló rọ, ojú ò tì mí."

Ibòòji kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ Pijó mi, oòrùn sì ń ṣí ọ̀dà ara rẹ̀. Mo ju pátákó sí búùtù, mo ní ìjì eruku ló gbé e lọ, àti pé bí èmi kò bá gbé ọkọ̀ síbẹ̀, ẹlòmíràn yóò gbé e síbẹ̀. O gbà mí gbọ́. Láti ìgbà náà lo ti ń fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, tí o ń wọ́ ara rẹ kọjá lórí títì tó gbóná. Bí a bá jọ ń jẹun, mo máa ń rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ tó bó. Kí ọdún tó parí, o padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ. Wọ́n ní ìwé ló le fún ọ. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, Ọlátẹ́jú, ọkọ Bùnmi ọmọ mi, gbé mi lọ sí báńkì. Àyè àwọn aláàbọ̀ ara ló gbé ọkọ̀ sí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi yín síbi tó tutù. Ba kome, kò sí nǹkan kan." Mo rí àmì ibẹ̀. Obìnrin kan wa kẹ̀kẹ́ irú tìrẹ dé, ó dúró sínú oòrùn. Kò bú wa. Ó kàn kí mi, "Baba, ina wuni," ó sì ń dúró. Ó pẹ́ kí n tó ní kí Ọlátẹ́jú kúrò.

Mo rò pé màá sunkún nígbà tí mo délé. N kò mọ nǹkan kan lára, bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí tí ẹsẹ̀ náà fi kú.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Lẹ́tà nìkan ni Ọlátẹ́jú mú wọlé wá bá ọ. Èmi wà níta ilé rẹ, nínú oòrùn, pátákó rẹ tí mo fi pamọ́ láti ọjọ́ yẹn wà lórí itan mi. N kò tún un kùn. Bí o kò bá pè mí, màá fi í ti ògiri, màá lọ.

Bá mi kí Mùfúlíátù, bó bá ṣì fẹ́ gba ìkíni mi.

Èmi tí o ń pè ní ọ̀rẹ́,
Ọládiípọ̀