Igbe Tí Òyìnbó Rẹ Fi Ṣeré

Etí òkun Ìlàjẹ, 1952

Sàláúdéènì àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Ìbàdàn. Orúnkún tó ń dun Bàbá ti ń sàn. Bàdírátù bí obìnrin. Òjò kò jẹ́ kí edé tí a sá gbẹ.

Inú ń bí mi sí ọ. Òyìnbó tó ń wádìí ìwà ènìyàn, tí o mú wá bá wa, tí o sì fi sílẹ̀ lọ, ní kí Jọọlá ọmọ ìlú wa tu ọkọ̀ lọ sẹ́yìn igi ẹ̀gbà etí omi, kó ké pé ọkọ̀ òun dojú dé. O mọ̀ pé níbí, ẹni tó bá gbọ́ igbe yẹn kì í bèèrè ọkọ̀ ta ni. Àjẹ̀ ìtukọ̀ ni yóò gbé. Gbogbo wa tú jáde. Òyìnbó jókòó, ó ń wo aago, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dìde. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ Ìyá wa dojú dé lóòótọ́. Ó ké, a gbọ́. Ọkọ mi ní, "Ìdánwò òyìnbó tún dé," a sì jókòó. Àlejò tí kò gbọ́ nípa ìdánwò yín rí ló yọ ọ́ lómi.

Òyìnbó náà ti lọ báyìí. Mú un padà wá, kó sọ ohun tó ṣe lójú gbogbo ìlú. Ìwọ ni kó o túmọ̀ rẹ̀, má sì fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ké kí ará ilé má dá ọ lóhùn. Ìyá ní kí n kí ọ. Ọwọ́ ló fi júwe rẹ̀. Ohùn tó fi ké lọ́jọ́ náà kò tíì padà.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mùínátù