Èjí Ìyá Wa Tí Àràmídé Lọ Dí

                                        Agbolé Olówòkéré,
                                        Ẹ̀bá Èbúté,
                                        Mahintẹ́dó, Ìlàjẹ,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Àràmídé, àbúrò mi,

Ó yẹ kí n fi "ọ̀wọ́n" sí i, mo mọ̀. Mo kọ ọ́, mo sì fa ìlà lé e lórí. Bí inú mi bá rọ̀ kí n tó parí lẹ́tà yìí, màá padà lọ fi sí i.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Promise ọmọ wa ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń wú ti lọ? Eyín rẹ náà ńkọ́? Mo béèrè eyín lọ́tọ̀ nítorí mo ti rí i pé òun ni àkọ́bí rẹ báyìí. Àwa níbí ṣì wà. Omi kún dé abẹ́ pákó ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n ó ti fà. Bàbá ń jẹun, wọ́n ń sùn, àmọ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí o ti lọ, ìwọ náà sì mọ ohun tó fà á.

Sùlèímánì ọlọ́kọ̀ ojú omi ti jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an. O ti dí nọ́ńbà mi lórí fóònù rẹ, nítorí náà òun lo fi ohùn ránṣẹ́ sí, ó sì dúró sí èbúté, ó gbé fóònù sókè kí gbogbo ayé gbọ́. O ní o gbàgbé wáyà tí o máa ń fi sẹ́nu sùn, ó wà nínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. O ní kí n dì í sínú ọ̀rá kíákíá kí Sùlèímánì gbé e dé Igbókòdá, torí dọ́kítà sọ pé bí o kò bá fi sẹ́nu, eyín rẹ á padà síbi tó ti wá. O kò béèrè Bàbá nínú ohùn náà. Mo ní kí Sùlèímánì tún un gbé sí i, bóyá etí mi ló fò ó. Etí mi kò fò ó.

Ìjà ni mo fẹ́ bá ọ jà, n kò sì ní dọ́gbọ́n sí i.

Nígbà tí òkun gba ilé wa ní Aráròmí, o rántí ohun tí a kó. Àwọ̀n la kọ́kọ́ kó, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà irin tí a fi ń yan ẹja, nítorí ọmọ apẹja ni wá, ohun tí a ó fi jẹun lọ́la ni ọwọ́ wa kọ́kọ́ ń lọ bá. Fọ́tò Ìyá wà lára ògiri. Bàbá rò pé èmi ni mo mú un, èmi rò pé ìwọ ni, ìwọ rò pé Bàbá ni. Àpótí tí àwọn fọ́tò yòókù wà nínú rẹ̀ bá ògiri lọ. Ìyá ti kú nígbà náà, kò sì sí fóònù tó ń ya fọ́tò nílé wa nígbà tí wọ́n wà láyé. Bí ojú ìyá wa ṣe lọ nìyẹn. Ojú tìrẹ ló kù.

Tèmi kọ́. Bàbá ni mo jọ, imú wọn ni mo gbé, kò sì sẹ́ni tó ń wá ìyẹn kiri. Ìwọ lo ní èjí Ìyá. Ìwọ lo ní ẹnu wọn tó yọ síwájú díẹ̀, tí ètè kì í pa dé tán bí o bá ń ronú. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi sọ ọ́ di òfin ilé pé nígbàkigbà tí o bá dé, kí o tó sọ báàgì kalẹ̀, kí o tó mu omi, wàá kọ́kọ́ dúró níwájú àga wọn. Wọ́n á ní, "Ọma mi, rẹ́rìn-ín kí n rí i." Wàá rẹ́rìn-ín, wọ́n á wò ó, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "O ṣeun o," a kì í sì í mọ èwo nínú ìwọ àti Ìyá ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

O mọ gbogbo èyí kí o tó lọ jókòó sórí àga dọ́kítà. O kò sọ fún wa. Ó lé ní ọdún méjì tí o fi ń sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí o ráyè wá sílé, àṣé wáyà ló kún ẹnu rẹ.

Ọjọ́ tí o wá dé, mo rí obìnrin kan nínú ọkọ̀ Sùlèímánì, mo sọ fún Bàdírátù tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé ìjọba ti tún rán ẹni tí yóò wá wọn omi, tí wọn ò sì ní ṣe nǹkan kan lẹ́yìn náà. Ìgbà tí o pariwo orúkọ mi ni mo tó mọ̀ pé ìwọ ni. Ẹnu rẹ ti wọlé. Ètè òkè ti sùn lélẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti jìn, àgbọ̀n rẹ wá yọ ṣóńṣó. N kò sọ pé o burẹ́wà o. Bàdírátù ní o rẹwà, ó ní o dà bí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn ọ́ gan-an nìyẹn. O dà bíi gbogbo wọn.

Bàbá ti jókòó, wọ́n ti dé fìlà dè ọ́. O dúró. Wọ́n ní kí o rẹ́rìn-ín. O rẹ́rìn-ín, eyín rẹ tò gbọọrọ bí ọgbà, àyè kankan kò sí láàárín. Bàbá wò ó. Wọ́n ní kí o tún un ṣe. O tún un ṣe. Wọ́n wá ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó," bí ìgbà tí wọ́n ń kí àlejò. Má wulẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ogbó ló dé sí wọn. Orí Bàbá pé. Wọ́n mọ̀ pé ìwọ ni. Ẹni tí wọ́n ń wá ni wọn kò rí.

Mo ti gbọ́ àwíjàre rẹ. O ní láti iléèwé ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní eyín-ọ̀kẹ́rẹ́. O ní o kò lè fi eyín iwájú gé búrẹ́dì, pé níbi iṣẹ́ o máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bí o bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. O ní egungun àgbàlagbà kì í dàgbà mọ́ bíi ti ọmọdé, dọ́kítà ní láti yọ eyín tó dáa, lókè àti nísàlẹ̀, kí àyè lè wà láti fa àwọn tó kù sẹ́yìn, bí eyín bá sì ti lọ sẹ́yìn, ètè á tẹ̀ lé e. Ó sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ pé ojú rẹ á yí padà. O fọwọ́ sí i. Ibi tó ti ń dùn mí jù nìyẹn, Àràmídé. Ká ní ṣèèṣì ni, màá bá ọ sunkún.

Ó dáa, mo gbà pé búrẹ́dì ṣòro gé. Ti ọwọ́ tí o fi ń bo ẹnu yẹn, n kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ṣé o kò lè wá sílé lẹ́ẹ̀kan kí o tó bẹ̀rẹ̀ ni? Kí o jókòó ti Bàbá, kí a ya fọ́tò rẹ níbi tí o ti ń rẹ́rìn-ín? Dípò ìyẹn, o pa gbogbo fọ́tò àtijọ́ rẹ rẹ́, ti fóònù, ti Fesibúùkù. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi, o tún ń fi yangàn, pé o kò fẹ́ rí ẹni yẹn mọ́. Ẹni yẹn! Ìyá tó bí wa lò ń pè ní ẹni yẹn.

Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ sí ọ lójú, o dìde, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú mi ni. Èmi kọ́ ni fọ́tò tí ẹ gbàgbé sára ògiri." Pákó ni ògiri ilé yìí. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, o ti wà nínú ọkọ̀ Sùlèímánì, o kò dágbére fún wọn.

Bàdírátù ló kọ́kọ́ rí wáyà rẹ. Ó rò pé nǹkan já lára ẹ́ńjìnnì ni, díẹ̀ ló kù kó dà á pọ̀ mọ́ omi sódò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Rọ́bà pupa fẹ́lẹ́ tó rí bí òkè ẹnu, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba iwájú rẹ̀ kọjá. Kò wúwo ju ìpẹ́ ẹja lọ. Ohun tó tilẹ̀kùn mọ́ ìyá wa síta nìyẹn.

Bàbá rí i lọ́wọ́ mi, wọ́n béèrè ohun tó jẹ́. N kò purọ́ fún wọn. Mo ní òun ló ń di eyín rẹ mú, pé dọ́kítà ní eyín kì í gbàgbé ibi tó ti wà, bí o bá ṣíwọ́ àtimáa fi í sẹ́nu, èjí yẹn lè tún ṣí. Wọ́n wá béèrè pé àwọn eyín tí dọ́kítà yọ ńkọ́, ṣé ó kó wọn fún ọ mú délé. Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n na ọwọ́, mo gbé wáyà náà lé e. Wọ́n nu omi ara rẹ̀, wọ́n fi áńkáṣíìfù wọn dì í, wọ́n tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

Ìdí nìyí tí Sùlèímánì fi máa padà lọ́wọ́ òfo. Mo sọ iṣẹ́ rẹ fún Bàbá. Wọ́n ní kí o wá gbà á fúnra rẹ. Mo mọ̀ pé o lè ní kí dọ́kítà ṣe òmíràn fún ọ, kò sẹ́ni tó máa dè ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá tún dúró níwájú àga yẹn, tí wọ́n ní kí o rẹ́rìn-ín, gbogbo wa la máa rí ohun tí o yàn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, òun kò ṣẹ̀ mí. Fẹnu ko Promise lẹ́nu fún mi, kí o sì fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Bàdírátù ní kí n kí ọ, ó ní ẹja tí o rà tí o gbàgbé ṣì wà lọ́wọ́ òun, òun ń yan án padà kó má baà bàjẹ́.

Bàbá ní kí n fi gbólóhùn kan kún un, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀nà jìn, omi sì ń ru lásìkò yìí. Kí o má sáré wá gbà á. Kí o rọra máa bọ̀.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ń bí,
                                        tí kò tíì padà lọ fi "ọ̀wọ́n" sí i,
                                        Moríkẹ́.