Ṣe Ìwádìí Anpilifáyà Náà Kí O Tó Sanwó

Ràhímátù ọmọ mi ní Ṣàngótẹ̀dó,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé, àtọkọ àtọmọ. Àwa náà ṣì wà láàyè nílé níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kì í jẹ́ kí n dìde bọ̀rọ̀, ìjì sì ti gbé páànù méjì lọ lórí pálọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ anpilifáyà àlòkù tí mo ní kí o bá mi wá yìí, mo ti rò ó títí, ó ti rẹ̀ mí. O mọ̀ pé èyí tó wà nílé ti jóná, Jímọ̀ tó ń bọ̀ sì ni ìyá rẹ yóò pé ọdún kan tó kú. Mo fẹ́ kí ará ilé gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, níbi tó ti ń pè mí pé Bàbá Ràhímátù, ẹ wá gba ọmọ yín. Téèpù kékeré tí mo fi ń gbọ́ ọ báyìí, àfi kí n fi etí lé e.

Fàtíù ọmọ àbúrò mi fi àwòrán anpilifáyà méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sétí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní àwòrán kì í dún. Mo ní ṣebí fóònù máa ń dún bí o bá pè. Jọ̀wọ́, má sanwó ohun tí kò dún.

Bí a ṣe ń wádìí ilé ìyàwó kí a tó fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni kí o wádìí ohun tí ẹlòmíràn ti lò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi lọ sí ìlú ìyá rẹ láti béèrè bóyá wọ́n máa ń jà nílé wọn. O ní ọ̀kan nínú anpilifáyà méjèèjì wá láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Addo. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó ti ń kígbe àdúrà láti ọdún mẹ́wàá, ṣé ó ṣì lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́? Èkejì wá láti ilé olówó kan ní VGC. Inú ẹ̀rọ amúlétutù ni ìyẹn gbé dàgbà. Ṣé kò ní ṣàìsàn nínú ooru tiwa?

Quadri tó ń tà wọ́n pè mí lánàá, ó ní kí n wo nọ́ńbà ẹ̀yìn sípíkà mi, kí òun lè mọ èyí tó bá a mu. Mẹ́jọ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo gbà pé iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà ni, bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá ni wá nílé. Mo ti bẹ ìyá Fàtíù àti àwọn méjì pé kí wọ́n jókòó sẹ́yìn fèrèsé. Ó bínú gan-an, ó ní ṣé kì í ṣe òun ló pọ̀n ọ́ dàgbà ni.

Quadri ní iye kan náà ni méjèèjì, pé ti ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ẹgbẹ̀ta wáàtì, ti VGC kò ju ogójì lọ. Ó ní Bàbá, ẹ ra èyí tó máa mi ilé yín. Mo ní ìjì ti mì í tó.

Ti VGC ni kí o rà. Ọdún mẹ́tàlélógójì tí mo fi bá ìyá rẹ gbé, kò gbé ohùn sókè sí mi rí, kódà nígbà tí mo bá jẹ̀bi. N kò fẹ́ kí ó wá máa pariwo mọ́ mi nísinsìnyí. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ooru bá mú anpilifáyà náà, èmi fúnra mi ni n ó máa fẹ́ ẹ.

Bá mi fi owó páànù méjì àti ìṣó kún un, kí òjò má baà pa á. Bí o ṣe ń wá ohùn ìyá rẹ kiri ọjà yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ yóò máa wá tìrẹ, wọn yóò sì máa bá ọ nílé.

Èmi bàbá rẹ,
Shamsudeen